Mo Fojú Ara Mi Rí I: Bí Ìrántí Ẹ̀dá Ṣe Ń Ṣiṣẹ́, àti Bó Ṣe Ń Tanni Jẹ

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ bá mi ka àwọn ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan péré, ní pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì máa bá kíkà lọ láìpadà síbẹ̀: ibùsùn, ìrọ̀rí, òru, àárẹ̀, àlá, aṣọ ìbora, híhanrun, yíyán, ìsinmi, òògbé, ẹní, jíjí, òkùnkùn, ìdùbúlẹ̀. Ẹ fi wọ́n sọ́kàn. Mo máa béèrè wọn tó bá yá.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí èmi àti àbúrò mi ti ń fa ọ̀rọ̀ kan mọ́ ara wa lọ́wọ́. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ajá kan lé wa. Ọ̀kan nínú wa sá gun igi, èkejì sá wọlé ó sì ti ilẹ̀kùn. Èmi mọ̀ pé èmi ni mo wà lórí igi. Mo rántí bí èèpo igi náà ṣe họ mí lórúnkún, mo rántí ojú ajá yẹn bó ṣe gbé e sókè tó ń wò mí. Àbúrò mi náà rántí èèpo igi. Ó rántí ojú ajá. Bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló gun igi lọ́jọ́ náà. Irọ́ kọ́ là ń pa fún ara wa. Kò sí èrè kankan nínú igi ọ̀hún fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni tiwa. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ ní kóòtù, níbi tí ẹlẹ́rìí méjì ti máa ń búra tí ọ̀rọ̀ wọn ò sì ní bára mu. Ó wá le sí i báyìí tí ẹnikẹ́ni tó ní fóònù lè fi ẹ̀rọ AI ṣe àwòrán ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí àríyànjiyàn lórí àwòrán ayédèrú bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan á sọ pé ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ kò ṣeé tàn jẹ, pé ohun tí òun fojú ara òun rí, kò sí àwòrán tó lè pa á rẹ́ lọ́kàn òun. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì, ìyẹn àwọn tó ń ṣèwádìí bí ọkàn ẹ̀dá ṣe ń ṣiṣẹ́, kò gbà. Ohun tí wọ́n ti ń sọ láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni pé ìrántí kì í ṣe fọ́nrán tí a ká sínú orí tí a kàn ń tẹ̀ kó máa lọ. Títún kọ́ là ń tún un kọ́, ní gbogbo ìgbà tí a bá pè é, bí ẹni ń fi bíríkì tó kù nílẹ̀ àti èyí tó rí he lójú ọ̀nà tún ilé kọ́.

Ẹnu ọ̀nà ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní ìgbàgbé kì í ṣe ìgbàgbé, nítorí ohun náà kò wọlé rí. Ní 1979, Raymond Nickerson àti Marilyn Adams ní kí àwọn ará Amẹ́ríkà ya owó ẹyọ sẹ́ǹtì kan tí wọ́n ń ná lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ kò lè yà á bó ṣe rí: orí tó wà lára rẹ̀ kọjú síbi tí kò yẹ, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà níbì kan bọ́ síbòmíì. Wọ́n ti rí i lẹ́gbẹ̀rún ìgbà, wọn ò wò ó rí. Kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ń wá láàárọ̀ náà nìyẹn. Ìgbà tí ẹ gbé e kalẹ̀, ọkàn yín wà lórí ẹni tó ń pè yín lórí fóònù, kò sì sí ohun tí ọpọlọ yín kọ sílẹ̀ nípa ibi tí ẹ gbé e sí. Ẹ lè ronú títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ohun tó bá rí ọ̀nà wọlé, ibi tóóró ló kọ́kọ́ ń dúró sí. Ní 1956, George Miller kọ ọ́ pé nǹkan bíi méje, ó lè dín méjì, ó sì lè lé méjì, ni ènìyàn lè gbé dání lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Nelson Cowan gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní 2001, ó ní bí a bá yọ ọgbọ́n tí a ń dá kúrò, mẹ́rin ló sún mọ́ òótọ́. Ọgbọ́n wo? Ẹ wo nọ́ńbà yìí: 194519692001. Ẹni tó bá kà á ní oókan-oókan, ẹrù méjìlá ló dì, yóò sì jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá rí i pé ọdún mẹ́ta ló tò tẹ̀ léra wọn, 1945, 1969, 2001, mẹ́ta péré ló gbé. Ohun kan náà ló ń jẹ́ kí ọ̀gá nínú ayò ṣẹ́ẹ̀sì lè wo ojú ọpọ́n fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó sì tò ó padà bó ṣe wà. Ìlànà tó mọ̀ ló rí, kì í ṣe ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá da ọmọ ayò náà sórí ọpọ́n láìlétò, òun náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹgbẹ́ wa.

Ọkùnrin kan ló kọ́ ayé ní èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kò sì mọ̀ pé òun kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Henry Molaison lorúkọ rẹ̀, àmọ́ H.M. nìkan ni wọ́n ń pè é nínú ìwé ìwádìí títí ó fi kú ní 2008. Wárápá ń bá a jà gidigidi. Ní 1953, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 27, dókítà William Scoville ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ìlú Hartford ní Amẹ́ríkà, ó sì yọ apá kan nínú ọpọlọ rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, títí kan èyí tó pọ̀ nínú hippocampus, ẹ̀yà kékeré kan tó tẹ̀ kọrọdọ sínú ọpọlọ ní ìhà ibi tí etí wà. Wárápá náà rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn lọ, Molaison kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rántí ohun tuntun kankan mọ́.

Kì í ṣe pé ó ya òpè o. Ó ń sọ̀rọ̀ geere, ó ń dápàárá, làákàyè rẹ̀ pé. Ó rántí ìgbà èwe rẹ̀. Bí ẹ bá sọ nọ́ńbà kan fún un, ó lè máa pè é lábẹ́ ẹnu, kò ní sọnù. Ẹ ṣáà yí ọkàn rẹ̀ sí nǹkan míì, ó parí. Brenda Milner, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì láti Montreal ní Kánádà, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe àyẹ̀wò fún un, gbogbo ìgbà tó bá sì wọlé, bí ẹni tí wọn ò jọ pàdé rí ni Molaison máa ń kí i.

Èyí tó wú mi lórí jù rèé. Milner gbé bébà kan tí wọ́n ya ìràwọ̀ sí síwájú rẹ̀, ó ní kó fi pẹ́ńsù tọ ìlà rẹ̀ yí ká, ṣùgbọ́n kó má wo ọwọ́ rẹ̀ ní tààràtà. Inú dígí ni kó ti máa wò ó. Ẹ dán an wò nílé. Ẹ ó rò pé ẹ̀ ń lọ síwájú, ọwọ́ yín á máa padà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kìíní, ọwọ́ Molaison ń ṣìnà bíi ti gbogbo ènìyàn. Lọ́jọ́ kejì ó sàn. Lọ́jọ́ kẹta, ọwọ́ rẹ̀ ti já gaara. Bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá bi í, kò ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí láyé rẹ̀. Wọ́n ní ẹnu ya òun fúnra rẹ̀ pé ohun tó dà bíi pé ó le yìí kò nira fún un.

Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ ló rò pé ìrántí jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo, tó kàn ń pọ̀ lára ẹnì kan tó sì ń kéré lára ẹlòmíì. Irọ́ ni. Iṣẹ́ ọwọ́, bíi kíkọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn, ní ọ̀nà tirẹ̀ nínú ọpọlọ. Ní 1972, Endel Tulving tún ya méjì míì sọ́tọ̀. Pé omi máa ń hó lórí iná, ìmọ̀ ni; ẹ kò rántí ọjọ́ tí ẹ kọ́ ọ. Ọjọ́ tí omi gbígbóná ta sí yín lẹ́sẹ̀, ìyẹn ní ọjọ́, ó ní ibi, ẹ̀yin fúnra yín sì wà nínú rẹ̀. Bí ìgbà èwe ṣe ṣẹ́kù fún Molaison tún fi hàn pé hippocampus kì í ṣe àká tí ìrántí ń gbé títí láé. Òun ló dà bí ẹni tó ń di ẹrù: ojú tí a fi rí nǹkan, etí tí a fi gbọ́ ọ, ẹ̀rù tó bà wá, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ó ń so gbogbo wọn pọ̀ títí wọ́n á fi lè dúró fúnra wọn ní àwọn apá ọpọlọ míì. Ìyẹn ń gba àkókò. Ẹni tí wọ́n gbá lórí tó dákú sábà máa ń gbàgbé àwọn ìṣẹ́jú tó ṣáájú ìjàǹbá náà gan-an, nítorí ẹrù náà kò tíì di.

Ní ti ìgbàgbé fúnra rẹ̀, ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, ló kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1885. Ara rẹ̀ ló fi ṣe ìdánwò. Ó kó ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ jọ, nǹkan bí 2,300, ó ń kọ́ wọn sórí ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ó sì ń padà wá wo bó ṣe máa pẹ́ tó kí òun tó tún wọn mọ̀. Ní wákàtí kan péré, ohun tó lé ní ìdajì èrè iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, nǹkan bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan ló kù, lẹ́yìn oṣù kan, bí ìdá márùn-ún rẹ̀ kan. Eré ni ìgbàgbé ń sá níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ló ń fẹsẹ̀ fà. Wọ́n tún ìdánwò náà ṣe ní 2015, kò yàtọ̀ púpọ̀.

Ká ní ìgbàgbé nìkan ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Ẹni tó gbàgbé á sọ pé òun gbàgbé. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé ọpọlọ kì í fẹ́ fi àyè sílẹ̀ lófìfo. Frederic Bartlett rí èyí ní Cambridge, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ní 1932. Ó fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ìtàn àtijọ́ kan tó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti Àríwá, ó ní kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì sọ ọ́ padà lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ìtàn náà ń kéré sí i, ó sì ń di ti Gẹ̀ẹ́sì sí i. Ọkọ̀ àjẹ̀ onígi àwọn ọmọ onílẹ̀ di ọkọ̀ ojú omi lásán. Ọdẹ ẹran inú òkun di ẹja pípa. Ohun tí wọn kò lóye nípa iwin inú ìtàn náà, wọ́n fò ó tàbí kí wọ́n wá ìtumọ̀ fún un. Kò sẹ́ni tó rò pé òun yí nǹkan kan padà.

Elizabeth Loftus àti John Palmer wá fi hàn ní 1974 pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu ẹni tó ń béèrè ti tó. Wọ́n fi fíìmù ìjàǹbá mọ́tò han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì bi wọ́n bí mọ́tò náà ṣe ń sáré tó. Àwọn tí wọ́n bi pé "nígbà tí wọ́n forí sọ ara wọn" ní, ní ìpíndọ́gba, máìlì 40.5 ní wákàtí kan. Àwọn tí wọ́n bi pé "nígbà tí wọ́n fara kan ara wọn" ní 31.8. Fíìmù kan náà ni gbogbo wọn wò o. Nínú ìdánwò kejì, wọ́n pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní ṣé wọ́n rí dígí tó fọ́. Kò sí dígí kankan tó fọ́ nínú fíìmù náà. Nínú 50 tí wọ́n ti lo "forí sọ" fún, 16 ní àwọn rí i. Nínú 50 tí wọ́n lo ọ̀rọ̀ tó rọ̀ fún, 7 ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ti wọ inú ohun tí wọ́n rí.

Ẹ gbé èyí lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ní 1984, ọkùnrin kan wọlé tọ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní ìlú Burlington ní North Carolina ní Amẹ́ríkà, ó sì fipá bá a lò pọ̀. Láàárín ìpayà náà, obìnrin yìí mọ̀ọ́mọ̀ ń wo ojú ọkùnrin náà, kó lè dá a mọ̀ lẹ́yìn ọ̀la. Wọ́n to fọ́tò síwájú rẹ̀, ó mú ti Ronald Cotton. Wọ́n to àwọn ọkùnrin sórí ìlà, Cotton ló tún mú, wọ́n sì jẹ́ kó mọ̀ pé ẹni tó mú nínú fọ́tò náà ni. Nígbà tó fi máa dé kóòtù, kò sí iyèméjì kankan lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Wọ́n sọ Cotton sẹ́wọ̀n gbére. Ní 1987, wọ́n mú ọkùnrin míì, Bobby Poole, wá síwájú obìnrin náà ní kóòtù. Ó ní òun ò rí i rí. Ní 1995, àyẹ̀wò DNA, èyí tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí nǹkan ara kan ti wá, fi hàn pé Poole ni ọ̀daràn náà. Cotton ti lo ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́wọ̀n. Láti ìgbà náà, òun àti obìnrin yẹn ti ń jọ sọ̀rọ̀ ní gbangba kí wọ́n lè tún bí ọlọ́pàá ṣe ń gba ẹ̀rí ṣe.

Ohun tó yẹ ká wò níbẹ̀ ni ibi tí ìdánilójú náà ti wá. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wo fọ́tò, ó rọra ń wé ojú mọ́ ojú ni. Bó ṣe wá ń rí ojú Cotton lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ojú náà rọ́pò ti ẹni tó wọlé lóru, ọ̀rọ̀ ìwúrí tí wọ́n sọ fún un sì fi èdìdì dì í. Nínú àwọn tí àyẹ̀wò DNA ti dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àjọ Innocence Project, tó ń jà fún àwọn tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n láìṣẹ̀, ní nǹkan bí 7 nínú 10 ni ẹlẹ́rìí ṣi ẹni mú nínú ẹjọ́ wọn.

Ẹnì kan lè sọ pé fíìmù àti fọ́tò nìyẹn, pé ìṣẹ̀lẹ̀ tó mi ayé tìtì kò ṣeé gbàgbé. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 1986, ọkọ̀ Challenger, tí Amẹ́ríkà fi ń gbé ènìyàn méje lọ sí òfurufú gbúù, bú gbàù ní kété tó gbéra. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ulric Neisser, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì kan, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Emory kọ ibi tí wọ́n wà sílẹ̀, àti ẹni tó sọ fún wọn. Lẹ́yìn ọdún méjì àbọ̀, òun àti Nicole Harsch tún bi 44 nínú wọn. Mọ́kànlá kò gba ìkankan, ohun gbogbo tí wọ́n sọ ló yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ. Ọ̀pọ̀ sì fọwọ́ sọ̀yà pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Wọ́n wá gbé ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ síwájú wọn. Ìrántí àkọ́kọ́ kò padà.

Karim Nader, Glenn Schafe àti Joseph LeDoux gbìyànjú ní 2000 láti mọ ohun tó ń fa irú èyí nínú ọpọlọ gan-an. Wọ́n kọ́ eku láti máa bẹ̀rù ìró kan. Bí wọ́n bá jẹ́ kí eku náà gbọ́ ìró yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, tí wọ́n sì fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ṣe purotéènì tuntun, èyí tó fi ń mú ìrántí le, lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rù náà á dínkù gidigidi. Bí wọ́n bá fún un lóògùn láìjẹ́ pé ó gbọ́ ìró, ẹ̀rù náà wà níbẹ̀ digbí. Ó jọ pé ìgbà tí a bá pe ìrántí jáde ló ń rọ̀, tó sì gbọ́dọ̀ tún le padà. Ibi tí èyí dé lára ènìyàn ṣì ń fa àríyànjiyàn láàárín wọn, nítorí náà ẹ má gba ẹnikẹ́ni gbọ́ tó bá ní òun lè pa ìrántí burúkú rẹ́ fún yín.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ tí ẹ kà níbẹ̀rẹ̀. Láìwo òkè: ṣé àlá wà níbẹ̀? Àga ńkọ́? Oorun ńkọ́?

Àlá wà níbẹ̀. Àga kò sí. Oorun kò sí níbẹ̀ rárá. Bí ẹ bá ti mi orí pé ó wà, tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ ibi tó wà, ẹ kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. James Deese ló ṣe irú ìdánwò yìí ní 1959, Henry Roediger àti Kathleen McDermott sì jí i dìde ní 1995. Láàárín ìdá 40 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀rọ̀ tí wọn kò kà rárá fi ń jáde nínú ohun tí àwọn ènìyàn kọ sílẹ̀. Ní 2013, Lawrence Patihis àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára àwọn kan tí ìrántí wọn ṣọ̀wọ́n, àwọn tí ẹ lè dárúkọ ọjọ́ kan láti ogún ọdún sẹ́yìn fún tí wọ́n á sọ ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà. Àwọn náà ṣubú sínú kòtò kan náà.

Èmi ò rò pé àbùkù ni èyí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ kà náà, oorun ni wọ́n ń sọ. Ọpọlọ yín mú kókó, ó sì fi èèpo sílẹ̀. Ẹni tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní lè fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá mọ ohun tó fẹ́ ṣe lọ́la. Ní 2007, àwọn olùwádìí kan ní London ṣàkíyèsí pé àwọn tí hippocampus wọn bàjẹ́ kò lè fọkàn ya ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá ní kí wọ́n rò ó pé wọ́n dùbúlẹ̀ létí òkun, ègé-ègé ni àwòrán náà ń wá sí wọn lọ́kàn. Ìyẹn ni pé irinṣẹ́ tí a fi ń rántí àná náà la fi ń ro ọ̀la. (Demis Hassabis ni orúkọ àkọ́kọ́ lórí ìwádìí yẹn, ẹni tó wá ń darí ilé iṣẹ́ AI Google báyìí. Bí ayé ṣe ń yí nìyẹn.)

AI ni mo sì ń bọ̀ sí. Ní 2002, Kimberley Wade àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba fọ́tò ìgbà èwe ènìyàn 20 lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí wọn, wọ́n gé ojú ọmọ náà, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán bàlúùnù ńlá oní-atẹ́gùn gbígbóná tó ń gbé ènìyàn fò. Kò sí ìkankan nínú wọn tó wọ bàlúùnù bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n fi fọ́tò náà hàn wọ́n nígbà mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ bíi kan sí méjì, wọ́n ní kí wọ́n gbìyànjú láti rántí. Ìdajì wọn rántí, ní kíkún tàbí ní apá kan. Ní 2007, Dario Sacchi, Franca Agnoli àti Loftus fi èrò kún fọ́tò ìwọ́de Tiananmen ní Ṣáínà ti 1989 níbi tí ọkùnrin kan ti dúró níwájú táńkì, àwọn tó rí fọ́tò ayédèrú náà sì rántí pé èrò pọ̀ níbẹ̀ ju èyí tó wà lọ. Nígbà náà, ó gba ẹni tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kó tó lè ṣe irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Ẹ wo fóònù tó wà lọ́wọ́ yín.

Ìdí rèé tí mi ò fi gbà pé kíkéde lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn pé "ayédèrú ni fídíò yẹn" ti tó. Ẹni náà lè gbà pé ayédèrú ni, kí ohun tó rí nínú rẹ̀ ṣì jókòó sọ́kàn rẹ̀. Ibi tí nǹkan ti wá ló ń tètè sọnù nínú ìrántí. Ohun náà fúnra rẹ̀ ń pẹ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un: àwọn kan ti ń gbé ìwádìí yìí kiri láti fi pa ẹni tí wọ́n ṣe níbi lẹ́nu mọ́, pé irọ́ ni ọpọlọ rẹ̀ ń pa. Ìlòkulò ni. Ìdajì àwọn ènìyàn Wade kò rántí bàlúùnù kankan, bẹ́ẹ̀ wọ́n rọ̀ wọ́n títí. Kókó ọ̀rọ̀ sábà máa ń dúró. Àwọ̀ aṣọ, aago, ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àwọn ló ń ṣí kiri.

Ní ti pé fóònù ń jẹ ìrántí wa, èyí tí ó ti di orin lẹ́nu gbogbo ayé, ẹ̀rí rẹ̀ kò nípọn tó bí ariwo rẹ̀. Ní 2011, Betsy Sparrow àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé bí a bá mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ti fi nǹkan pamọ́ fún wa, a kì í fẹ́ rántí rẹ̀. Ní 2018, wọ́n tún ọ̀kan nínú àwọn ìdánwò wọn ṣe, kò jáde bíi ti tẹ́lẹ̀. Ti Linda Henkel ní 2014 ló dùn mọ́ mi: àwọn tó ń ya fọ́tò nǹkan kiri nínú mùsíọ́ọ̀mù kò rántí wọn tó àwọn tó kàn wò wọ́n, àfi ìgbà tí wọ́n bá fa kámẹ́rà náà sún mọ́ apá kan nǹkan náà. Ẹni tó fà á sún mọ́, ó ní láti wò ó.

Àwọn kóòtù ti ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Ní 2011, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti New Jersey ní Amẹ́ríkà pàṣẹ, nínú ẹjọ́ tó kan Larry Henderson, pé kí àwọn adájọ́ máa ṣàlàyé fún ìgbìmọ̀ onídàájọ́, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n pè wá gbọ́ ẹjọ́, bí ẹ̀rí ẹni tó fojú rí nǹkan ṣe lè ṣìnà. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le: kí ọlọ́pàá tó ń fi fọ́tò hàn má mọ ẹni tí wọ́n fura sí, kí wọ́n sọ fún ẹlẹ́rìí pé ẹni náà lè má sí níbẹ̀ rárá, kí wọ́n sì kọ bí ìdánilójú rẹ̀ ṣe tó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un pé ó káre. Ẹ̀yin náà, bí nǹkan bá ṣojú yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ tẹnu ẹlòmíì.

Àwọn tó ń kàwé ni wọ́n rí ẹ̀bùn gbà nínú gbogbo rẹ̀. Roediger kan náà àti Jeffrey Karpicke ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka ẹ̀kọ́ kan ní 2006. Àwọn kan ń kà á ní àkàtúnkà, àwọn kan pa ìwé dé tí wọ́n ń gbìyànjú láti kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó ń kà á lákàtúnkà ló borí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé ló ṣáájú, nínú ìdánwò kan ní ìdá 61 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Pípè é jáde yẹn, èyí tó ń jẹ́ kí ìrántí yí padà, òun náà ló ń mú un le. Kí ẹ sì sùn lẹ́yìn rẹ̀ o, nítorí ojú oorun ni ọpọlọ ti ń di púpọ̀ nínú ẹrù náà.

Lórí ọ̀rọ̀ ajá àti igi, Mercedes Sheen, Simon Kemp àti David Rubin tẹ ìwádìí kan jáde ní 2001 lórí àwọn ìbejì tí àwọn méjèèjì ń sọ pé ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí òun, kì í ṣe sí èkejì òun. Wọ́n rí irú rẹ̀ púpọ̀, wọ́n sì rí i lára tẹ̀gbọ́n-tàbúrò pẹ̀lú. Inú mi dùn. Mo pe àbúrò mi lórí fóònù, mo ka gbogbo rẹ̀ sí i létí. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ títí mo fi parí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ. Ìrántí máa ń tan ènìyàn gan-an. Mo ti ń rò ó tipẹ́, ohun tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ máa sọ pé ẹ̀yin lẹ wà lórí igi."